Ìró Kọ́kọ́rọ́ Lára Ilẹ̀kùn: Àkọsílẹ̀ Ọ̀rọ̀ Ẹnì Kan

Ọmọ ọdún 6 ló mú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ obìnrin náà ti ìrìn àjò dé, ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀, ó wá ń fi ìka méjì péré wá ojú ihò kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Kọ́kọ́rọ́ náà ń ha irin ilẹ̀kùn, kò wọlé, ó tún ń ha á. Kí ọkọ tó ráyè wọlé, ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọmọ kúrò nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá, ó ti gbé e wọ yàrá, ó ti pa iná, ó sì ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Kò mọ ìgbà tó ṣe gbogbo rẹ̀. Ohùn ọmọ náà ló ta á jí nínú òkùnkùn: “Mọ́mì, ta ló ń bọ̀?”

“Mi ò rí èsì fún un, mà,” ló sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Torí bàbá rẹ̀ ló ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ tí kò gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni rí.”

Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí, mo sì ti yí àwọn nǹkan tí wọ́n fi lè dá a mọ̀ padà. Àwa tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ni mo kọ ọ́ fún, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú ọ̀rọ̀ yìí, àṣìṣe méjèèjì yẹn ló sì kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ju ibi tí mo ti ṣe é re lọ.

Ilé tó ti wá

Ẹni ọdún 34 ni, àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́ta. Ọ̀gá ni lórí òṣìṣẹ́ mọ́kànlá níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní kò sí èyí tí òun ò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ti kọ ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu sórí ìwé kó tó dé, ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Kì í sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkurú ránṣẹ́ tí kò kí i níbẹ̀rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá dákẹ́ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì, á máa to aṣọ, á máa bi í léèrè pé, “Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?” Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn, wọn ò jà rí. Ọkọ ní inú òun ò dùn sí i. Ó ní bíi pé òun wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì ni: gbogbo nǹkan mọ́ tónítóní, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ohun tí onílé ń rò.

Bàbá rẹ̀ máa ń mutí nígbà tó wà lọ́mọdé. Kì í ṣe ojoojúmọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro sì wà. Ká ní ojoojúmọ́ ni, ọmọ á ti mọ ohun tó ń retí. Bàbá tó jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, òun kan náà ló lè fọ́ gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ Wẹ́sídè, kó sì yíjú sí ìyá wọn. Ọmọ ọdún 7 wá ọ̀nà tó fi lè mọ bàbá tó ń bọ̀ nínú àwọn méjèèjì: kọ́kọ́rọ́. Bó bá wọ ihò lẹ́ẹ̀kan, bàbá oníṣirò ni. Bó bá ha ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, kí òun dìde nílẹ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, kí òun ti kó àwọn àbúrò òun wọ yàrá, kí òun fi bẹ́ẹ̀dì dí ilẹ̀kùn, kí òun sì máa sọ ìtàn fún wọn ní ohùn tó ga díẹ̀ ju ariwo ìta lọ. Ó ṣì rántí àwọn ìtàn náà. Ó ní wọn kì í tán, torí òun ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tán kí ariwo tó tán.

Lọ́wọ́ àárọ̀, wọ́n á gbá àfọ́kù. Ẹnikẹ́ni ò ní sọ nǹkan kan. Bó bá wá dalẹ́, ìyá rẹ̀ á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, á tú gbogbo ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ síta: ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ọkọ, ìdí tí òun ò fi lè kó jáde. “Ìwọ nìkan lọ̀rọ̀ mi yé.” Ọmọ ọdún 9 ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Salvador Minuchin, ọ̀kan lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìtọ́jú ìdílé lélẹ̀, ò sọ pé ó burú kí ọmọ ran òbí lọ́wọ́. Kí àkọ́bí máa tọ́jú àbúrò, kí òbí ṣì wà lókè tó ń darí ọ̀rọ̀, ìyẹn lè mú ọmọ gbọ́n, kó mú un dàgbà. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí òbí sọ ẹrù náà sílẹ̀ pátápátá, kí ọmọ gbé e, kó má sì sẹ́ni tó máa gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin yìí ò tíì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó gbé e lọ sí ibi iṣẹ́, ó gbé e wọ ilé ọkọ. Mi ò tètè mọ̀ pé ó ti gbé e wọ yàrá tèmi náà.

Nọ́ńbà tí mo fún un

Ní ìjókòó kejì, mo fún un ní ìwé ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, èyí tó ń ka oríṣi ìnira tí ènìyàn rí kó tó pé ọdún 18. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí ìwé náà ti wá, torí ó kan ọ̀rọ̀ wa ju bí mo ṣe rò lọ nígbà yẹn. Ní nǹkan bíi 1985, dókítà kan tó ń jẹ́ Vincent Felitti ń bójú tó ètò kan fún àwọn tó sanra jù ní San Diego, ní Amẹ́ríkà. Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé àwọn tó ti ń fọn dáadáa gan-an ló ń sá kúrò nínú ètò náà. Nígbà tó jókòó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé wọn, ó rí i pé wọ́n ti fìyà jẹ púpọ̀ nínú wọn nígbà èwe, ara ńlá yẹn sì ni asà wọn. Ohun tí dókítà ń pè ní àìsàn, ààbò ni lójú ẹni tó ni ara. Látibẹ̀ ni òun àti Robert Anda pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ṣe ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1998. Àwọn tó lé ní 9,500 ló dáhùn ìbéèrè tí wọ́n gbé ìwádìí ọdún yẹn kà. Wọ́n rí i pé ẹni tí irú ìnira mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá nígbà èwe, ewu àmujù ọtí, oògùn olóró, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìgbìyànjú láti pa ara ẹni fi ìlọ́po 4 sí 12 ga lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju lára ẹni tí kò rí ìkankan.

Márùn-ún ni tirẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un, mo sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí nínú ìwádìí náà. Mo rò pé bó bá rí i pé ọ̀rọ̀ òun ní orúkọ, ara máa tù ú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú ìwé méjì dání. Ó ti kọ gbogbo àìsàn tó ṣeé ṣe kó bá òun sórí ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tó fẹ́ lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ìṣirò ti ọmọ rẹ̀ ló wà lórí ìkejì. Ó ti fi òdo sí gbogbo ojú ibẹ̀ àyàfi ẹyọ kan, tó fi àmì ìbéèrè sí. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá alẹ́ ọjọ́ tí òun gbé e sá wọ yàrá kà.

Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn tí á máa tẹ́tí sí ni. Èèyàn tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àmì mọ ewu tó ń bọ̀, mo tún wá fún un ní àmì tuntun. Ọdún 2020 ni Anda fúnra rẹ̀ àti àwọn kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn pé nọ́ńbà náà wúlò fún kíka ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn pọ̀, pé kò lè sọ bí ayé ẹnì kan ṣoṣo ṣe máa rí. Kò sọ bí ìyà náà ṣe le tó, kò sọ iye ọdún tó gbà, kò sì sọ ẹni tó di ọmọ náà mú. Mo mọ èyí kí n tó gbé ìwé fún un. Mo kàn ń yára ni.

Ohun tí mo ní kó ṣe

A pa nọ́ńbà tì, a ya àwòrán ìdílé rẹ̀, orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ìlà tó so wọ́n mọ́ ara wọn. Ìlà tí wọ́n fà láàárín àwọn èèyàn sábà máa ń yà mí lẹ́nu ju orúkọ wọn lọ. Mo ní kó fa ìlà tó so ìyá rẹ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ó gbé bírò sókè, kò fà á.

“Wọn kì í pe ara wọn, mà. Bí Màámi bá ń wá a, èmi ni wọ́n máa ń pè. Bí òun náà bá ń bínú sí wọn, èmi ló máa ń pè.”

“Àbúrò yín obìnrin ńkọ́, òun àti Bàbá?”

“Èmi náà ni.”

Gbogbo ìlà ló gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Murray Bowen, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ló kọ́ wa pé bí ọ̀rọ̀ bá gbóná láàárín ẹni méjì, wọ́n á fa ẹlòmíì wọ̀ ọ́ kí ooru náà lè dín kù lára tiwọn. Nínú ilé yìí, ẹnì kan náà ni wọ́n ń fà sínú gbogbo ọ̀rọ̀, látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún 9. Láràárọ̀ àti lálaalẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Bàbá ti jáwọ́ nínú ọtí láti ọdún 12 sẹ́yìn o, àmọ́ ẹjọ́ bàbá ò tíì tán lẹ́nu ìyá.

Mo rí ibi tó ti ń jò, mo sì fẹ́ dí i kíákíá. Mo ní kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n òun ò lè máa gbọ́ ẹjọ́ bàbá òun mọ́. A fi odindi ìjókòó kan dán an wò. Èmi ni mo ṣe ìyá. Ó sọ ọ́ dáadáa, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn.

Bí a ṣe dán an wò gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ sunkún, wọ́n ní, “Mo ti mọ̀ pé ìwọ náà máa já mi jù sílẹ̀.” Kó tó di alẹ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti pè é. “Kí ló dé tó ò ń ba ilé wa lórúkọ jẹ́? Ilé wa dára. Wo bí Dádì ṣe ń gbé ọmọ tìẹ gan-an sọ́rùn.” Òótọ́ sì ni. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ mọ̀, bàbá àgbà tútù kan ni, tó ń bá a to búlọ́ọ̀kù, tó ń sùn lọ lórí àga. Kò sí ẹlòmíì nínú ìdílé tó gbà pé èyí tí òun mọ̀ gbé ayé rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi wá. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tọrọ àforíjì, ó kí mi pé mo kú iṣẹ́. Mo dá a lóhùn pé kò burú, kó wá nígbà tó bá rọrùn fún un.

Ogún ìṣẹ́jú

Ọjọ́ tó padà wá, èmi ni mo pẹ́. Ìjókòó tó ṣáájú ò tètè parí, ogún ìṣẹ́jú sì ti lọ nínú àkókò rẹ̀ kí n tó jáde sí i. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, ó ti to àwọn ìwé ìròyìn tó wà lórí tábìlì ibi ìdúró, ó fi igun wọn gún ara wọn. Ó dìde. “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ojú yín ti fi hàn pé ó rẹ̀ yín. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká sún un sọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?”

Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti ta mí lára. Ìjókòó mọ́kànlá la ti ṣe. Mo rántí gbogbo ohun tí mo ti kọ sínú ìwé mi: kò sí ọjọ́ kan tó sọ pé ohun tí mo sọ ò wúlò. “Ó ràn mí lọ́wọ́ gan-an, mà” ló ń parí gbogbo rẹ̀. Títí kan nọ́ńbà márùn-ún yẹn. Títí kan ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ọ tó fi tú ilé wọn ká. Ó ń ka ojú mi bó ṣe ń ka kọ́kọ́rọ́, ó sì ń fún mi ní irú oníbàárà tí inú mi máa dùn sí.

Mo ní kó wọlé. Mo ní, “Mo fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́. Ẹ̀yin lẹ ni àkókò yẹn. Ṣé kò dùn yín?”

“Rárá o, mà.”

Mi ò fèsì. Ó ń ṣí sípì báàgì rẹ̀, ó ń pa á dé. Ó tún ṣí i. Ó pẹ́ díẹ̀.

“Ẹ ò pè mí.” Ohùn rẹ̀ kéré. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ò pè mí. Ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe, ó tú ilé wa ká, àbúrò mi ń bú mi, ẹ sì ní kò burú! Kò burú báwo?” Ó ti dìde, báàgì ti wà léjìká, ọwọ́ rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn. Kò jáde. Ó yíjú padà, ó ń wo ojú mi, bí ẹni tó ń ka iye ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ máa ha.

Mo ní, “Òótọ́ lẹ sọ. Ó yẹ kí n pè yín, mi ò pè. Èmi náà ni mo yára jù nínú ọ̀rọ̀ Màmá yín. Ẹ bínú sí mi, ó tọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ ṣì lè bá mi jà díẹ̀ sí i, ó ku ogójì ìṣẹ́jú.”

Ó rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé òun máa rín in. Lẹ́yìn náà ló wá sunkún, ó sì pẹ́.

Bí wọ́n bá ní kí n fi ìka tọ́ ibi tí ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni. Kì í ṣe torí pé mo gbọ́n. Edward Tronick, tó ti ń wo ìyá àti ọmọ ọwọ́ láti àwọn ọdún 1970, fi hàn pé kódà láàárín ìyá rere àti ọmọ rẹ̀, àkókò tí ìṣe wọn bára mu ò tó ìdajì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń ṣì ara wọn gbọ́, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Àtúnṣe yẹn lọmọ fi ń mọ̀ pé bí nǹkan bá fọ́ láàárín òun àti ẹni tí òun fẹ́ràn, kò tíì parí. Wọ́n máa ń gbá àfọ́kù nílé obìnrin yìí, àmọ́ wọn kì í sọ pé, “Èmi ni mo fọ́ ọ, má bínú.” Ẹni ọdún 34 ni kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó jù ú lọ.

Ìtàn inú yàrá

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin la bá lọ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó sì gbà wá ní nǹkan bí oṣù méjì. Mo ti ń ronú pé ọkùnrin náà ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ló tọ́ mi sọ́nà.

“Kò purọ́, mà. Ọmọ ọdún 3 ni nígbà yẹn. Ilé tí òun gbé dára lóòótọ́. Èmi ni mo kọ́ ilé yẹn fún un nínú yàrá.”

Ó ṣe iṣẹ́ náà débi pé kò ku ẹlẹ́rìí kankan. Ìbànújẹ́ tó wà nínú èyí ò ṣeé fi ìmọ̀ràn kankan yanjú, mi ò sì gbìyànjú ẹ̀. A jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, kì í ṣe pé mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó béèrè ohun kan péré: ṣé ó rántí àwọn ìtàn yẹn? Èsì dé lọ́jọ́ kejì, ó sì kà á sí mi létí. “Mo rántí. Mo máa ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta pẹ̀lú. Mo kàn máa ń ṣe bíi pé ìtàn rẹ nìkan ni mò ń gbọ́, kó má bàa dùn ẹ́.”

Ó ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ọdún tó fi rò pé òun nìkan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àbúrò tó kéré sí i ń ṣọ́ òun náà.

Mary Main, tó ń ṣèwádìí bí ọmọ ṣe ń fọkàn tán òbí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Berkeley, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà léèrè ìgbà èwe wọn láàárín àwọn ọdún 1980. Ohun tí wọ́n rí ni pé kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òbí nìkan ló ń sọ bí ọmọ ṣe máa fọkàn tán an. Bí òbí náà ṣe lè sọ ìtàn ara rẹ̀ kó ní orí kó ní ìdí, láìfi ibi tó dunni pa mọ́, láìjẹ́ kí ibẹ̀ gbé òun lọ, ló wúwo jù. Mo sọ èyí fún obìnrin náà, mo sì rọra sọ ọ́, kó má bàa tún lọ ya àtẹ. Alẹ́ ọjọ́ kan ló padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lórí ìbéèrè tó ti bi í láti oṣù mélòó kan. Ó ní, “Ọjọ́ yẹn tí mo gbé ẹ wọ yàrá, bàbá ẹ ló ń bọ̀. Nígbà tí mo kéré, ìró kọ́kọ́rọ́ máa ń bà mí lẹ́rù, torí ẹni tó ń bọ̀ máa ń pariwo. Ẹ̀rù ìgbà yẹn ló bà mí. Kò sóhun tó ń bọ̀ wá mú ẹ.”

Ọmọ náà rò ó wò. Ó ní kí wọ́n fi òróró sí ihò kọ́kọ́rọ́ náà.

Ọkọ rẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ rẹ̀ bá wa jókòó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún ohun tí kò ṣe. Òun ló mú àbá wá pé òun á máa sọ pé “Èmi ni o!” kí òun tó fi kọ́kọ́rọ́ kan ilẹ̀kùn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Oorun ìyàwó rẹ̀ gùn sí i: wákàtí mẹ́rin di márùn-ún àti ààbọ̀, ó di mẹ́fà lọ́jọ́ mìíràn. Ṣé oògùn kan wà níbẹ̀? Kò sí. Mo rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà kó lè mọ̀ dájú pé kò sí àìsàn ara tó ń lé oorun lọ, dókítà sì ní kò sí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ìyàwó sọ fún mi pé òun ti ní kí ọkọ òun dáwọ́ dúró.

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè gbọ́ kọ́kọ́rọ́, kó kàn jẹ́ kọ́kọ́rọ́.”

Ó gbọ́ ọ, àyà rẹ̀ sì já. Ó ṣì ń já. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó dúró síbi tó wà, ó wo yàrá tó jókòó sí, ó wo aga, ó wo ọmọ rẹ̀, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Mi ò gbìyànjú láti mú etí yẹn kúrò lára rẹ̀ o. Ó kó ọmọ mẹ́ta la ewu já kó tó pé ọdún 10, mi ò sì mọ irú ìmọ̀ràn tí ì bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a ń bá yí ni kó mọ ilé tó wà nínú rẹ̀ lónìí.

Wọ́n sì jà. Ọ̀rọ̀ fèrèsé ló dá a sílẹ̀: ọkọ fẹ́ kó wà ní ṣíṣí, ìyàwó fẹ́ kó wà ní títì, ohùn sì ròkè. Ọkọ rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù láti sọ fún mi, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. Mo ní kó má fi ìdùnnú yẹn han ìyàwó rẹ̀ kó tó parí ìjà.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí

Mi ò gbé ìwé ìbéèrè yẹn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́ kó tó tó ìjókòó kẹrin tàbí ìkarùn-ún, mi ò sì ń sọ àpapọ̀ rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan la jọ ń sọ. Bí ẹni tó máa ń wá déédéé bá pa ìjókòó kan jẹ lẹ́yìn ohun tí mo ní kó lọ ṣe, mo máa ń pè é lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́, mo máa ń pè.

Èyí tó le jù fún mi ni ti oníbàárà tó ń ṣe dáadáa. Ẹni tó ń tètè dé, tó ń ṣe gbogbo ohun tí a bá ní kó ṣe, tó ń bi wá léèrè bóyá a ti sinmi. Wọ́n máa ń mú ara tu èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ tó le. Ní ìjókòó kẹrin, mo máa ń bi gbogbo wọn pé, “Kí ni mo ti sọ níbí tí kò ràn yín lọ́wọ́?” Bí ẹni náà bá yára dáhùn pé kò sí, mo máa ń kọ àsìkò àti ọjọ́ sílẹ̀, mo sì máa ń padà síbẹ̀. Kò sì yẹ ká ro pé gbogbo ẹni tó bá jáde látinú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló máa ń tẹ́ni lọ́rùn báyìí. Mo ti rí àwọn tó ń já wọlé pẹ̀lú ìjà, tó jẹ́ pé ìjà ni àmì tiwọn.

Ní ti kí èèyàn lọ kojú ìyá tàbí bàbá rẹ̀, mi ò sọ pé kò dára. Mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi léèrè ẹni tó ń yá lára láàárín àwa méjèèjì. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni.

Oṣù mọ́kàndínlógún ló ti kọjá báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la sì ń ríra. Kò tíì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìgbà yẹn. Bàbá ti ń darúgbó, kò sì mọ̀ bóyá òun máa sọ ọ́ láé. Mi ò bi í. Ìyá rẹ̀ ṣì ń pè. Bí fóònù bá dún nígbà tó ń wẹ ọmọ, ó máa ń jẹ́ kó dún tán, á sì pè wọ́n padà bó bá parí. Ẹjọ́ bàbá ti dín kù lẹ́nu wọn, ó ní ìyẹn kọ́kọ́ ya òun lẹ́nu, títí àbúrò rẹ̀ obìnrin fi sọ fún un pé òun ni Màámi ń pè lálaalẹ́ báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó béèrè bóyá òun lè fún àbúrò òun ní nọ́ńbà mi. Mo fún un ní ti ẹlẹgbẹ́ mi kan.